Ẹni Tí Kò Nílé ní Òkè-Apá

Òkè-Apá jẹ́ ìlú kékeré kan láàárín Omu-Aran àti Òkè-Onígbìn. Nínú igbó tó wà lẹ́yìn ìlú náà ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣàngóbùnmi ń dá gbé. Olóde, àrùn tí àwọn àgbà kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ gan-an, ti bá a jà nígbà tó wà lọ́mọge. Ó fọ́ ọ lójú kan, ó sì fi àpá bo gbogbo ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀mí rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹni tí Olóde bá sì ti bá jà tí kò kú, kì í tún padà wá bá a mọ́. Ìdí nìyí tí ìlú fi bẹ̀ ẹ́ pé kó máa tọ́jú àwọn tí àrùn náà bá mú.

Wọ́n kọ́ ahéré fún un, wọ́n kọ́ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún àwọn aláìsàn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan ibi tó jìnnà sí odò, kí ohun tó ti ara aláìsàn wá má baà dé inú omi tí ìlú ń mu. Nítorí náà, ìlú ló ń gbé omi lọ, ìlú ló sì ń gbé oúnjẹ lọ. Agboolé kan a mú iṣu wá, òmíràn a mú èlùbọ́ tàbí epo wá, àwọn ọ̀dọ́kùnrin a sì ru gbogbo rẹ̀ dé ìdí ìrókò tó pààlà igbó náà. Wọn a ké sí Ṣàngóbùnmi, wọn a sì padà sílé. Kì í rí ojú wọn, àmọ́ ó ti dá ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn mọ̀. Ohùn wọn ló fi ń mọ̀ pé òun ṣì jẹ́ ọmọ ìlú.

Nígbà tí wọ́n lé àwọn ajẹ́lẹ̀, aṣojú ìjọba àjèjì tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, kúrò nílẹ̀ Ìgbómìnà, wọ́n fi Ọ̀jẹ̀túndé jẹ Olókè, olórí ìlú. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ti rí bí ajẹ́lẹ̀ ṣe ń wọ abà bàbá rẹ̀, tó ń kó iṣu, tó ń fa ewúrẹ́ jáde, tó sì ń pariwo pé ti gbogbo ìlú lòun ń gbà. Láti ìgbà náà, bí Ọ̀jẹ̀túndé bá ti gbọ́ "ti ìlú ni", abà bàbá rẹ̀ tó ṣófo ló máa ń rántí.

Ó pe ìlú jọ lábẹ́ igi ọjà.

"Ẹ ti jìyà tó," ló wí. "Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò ní wọ abà yín ní orúkọ ìlú mọ́. A ò dá iṣu jọ mọ́, a ò pe ọmọ ọlọ́mọ fún iṣẹ́ ìlú mọ́. Kí agboolé kọ̀ọ̀kan tọ́jú ara rẹ̀. Ẹni tí àìsàn bá mú, kí ará ilé rẹ̀ bọ́ ọ. Ẹni tí kò bá ní ará ilé, àwọn olóore wà láàárín wa, wọn ò ní wò ó níran."

Àwọn èèyàn hó yèè. Àwọn ọ̀dọ́ gbé e sókè. Àgbàlagbà kan béèrè pé, "Igbó Olóde ńkọ́?" ṣùgbọ́n ariwo ayọ̀ pọ̀, wọn ò gbọ́ ọ.

Àpínkẹ́, ìyàwó Olókè, ló lọ sí ìdí ìrókò lọ́jọ́ kejì láti sọ fún Ṣàngóbùnmi. Ó ti ṣàìsàn nínú igbó náà rí nígbà tó wà lọ́mọdé, Ṣàngóbùnmi ló gbà á lọ́wọ́ ikú.

"Ìyá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Wọ́n ní ìlú ò ní máa gbé oúnjẹ wá mọ́ o. Ẹni tó bá wù ni yóò máa mú un wá."

"Ta ló wù?" Ṣàngóbùnmi béèrè láti inú igbó.

"Ó wu gbogbo wọn, Ìyá. Gbogbo wọn ló sọ bẹ́ẹ̀."

Lóòótọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n mú un wá. Iṣu tó wà ní ìdí ìrókò pọ̀ débi pé òmíràn rà. Nígbà tó yá, ẹni tó bá ń kọjá a wo ìdí igi náà, a sọ fún ara rẹ̀ pé lágbájá yóò ti gbé nǹkan wá láàárọ̀. Lágbájá náà ń rò pé tàmẹ̀dù ló kàn. Kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ìkà. Kìkì pé koríko bo ojú ọ̀nà, nígbà tó sì di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, Ṣàngóbùnmi lè lo ọjọ́ púpọ̀ láìgbọ́ ohùn èèyàn àfi ti Àpínkẹ́. Ó máa ń sọ̀rọ̀ sókè fúnra rẹ̀ nígbà míì, kó lè mọ̀ bóyá ohùn òun ṣì wà.

Ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni Bíntù dé. Obìnrin Tápà ni, láti ìhà Ṣáárẹ́, ó ń ta ẹní. Ara rẹ̀ gbóná lójú ọ̀nà, nígbà tí eéwo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń rìn sá fi í sílẹ̀ lọ́jà Òkè-Apá. Àwọn ọkùnrin ìlú na ọ̀pá gígùn sí i, wọ́n ń fi ọ̀pá náà darí rẹ̀ bí ẹni ń da ẹran, títí tó fi wọ inú igbó.

Ṣàngóbùnmi gbé e sórí ẹní. Ó béèrè orúkọ rẹ̀. Obìnrin náà ń wí nǹkan ní èdè Tápà, Ṣàngóbùnmi kò gbọ́ ìkankan nínú rẹ̀ ju "Bíntù" lọ. Ṣùgbọ́n èèyàn ni. Ó jókòó tì í, ó ń sọ̀rọ̀ fún un bí ẹni tó ń gbọ́.

Omi ni ìṣòro wọn. Ó lọ sí ìdí ìrókò, ó ké pe àwọn tó ń bọ̀ láti oko. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé omi wá o! Aláìsàn wà lọ́dọ̀ mi!"

Ọkùnrin kan dúró lókèèrè. "Ará ilé ta ni?"

"Àlejò ni. Kò ní ará ilé níbí."

"Háà! Olúwa yóò pèsè," ni ọkùnrin náà wí, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Àpínkẹ́ nìkan ló ń ru omi wá, pẹ̀lú oúnjẹ inú ìkòkò tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò dí i lọ́wọ́, ó kàn ń sọ pé oore rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bàbá Àpínkẹ́ kú ní Omupo, ó ní láti lọ sin ín. Ìdí ìrókò bá ṣófo.

Nígbà tí omi tán pátápátá, Ṣàngóbùnmi gbé ìkòkò lọ sí kòtò omi kan tó wà lẹ́yìn àpáta, níbi tó jìnnà, nítorí kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ odò ìlú. Ó rò pé Bíntù ń sùn. Òùngbẹ jí Bíntù. Ó tọ ọ̀nà tí wọ́n fi ọ̀pá darí rẹ̀ gbà wá, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò, ó ṣubú sétí omi. Mọ́láyọ̀, ọmọ Olókè, ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó rò pé ẹsẹ̀ obìnrin náà ló yọ̀. Ó gbé e dìde lápá, ìgbà náà ló tó rí ojú rẹ̀.

Nígbà tí Ṣàngóbùnmi dé, tó bá ẹní ní òfìfo, ó sáré. Ó gbé Bíntù sẹ́yìn padà sínú igbó, àwọn èèyàn ń ju òkò tẹ̀ lé wọn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ara Mọ́láyọ̀ fi gbóná. Àwọn aláìsàn mìíràn náà ti wà nínú ìlú. Láyé àtijọ́, wọn ì bá ti gbé wọn lọ sínú igbó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ọmọ rẹ̀ lọ síbi tí kò ti sí omi? Kálukú fi aláìsàn tirẹ̀ pamọ́ sí yàrá. Àpínkẹ́ ti padà dé láti Omupo. Òun tí ó ti ṣe àìsàn náà rí ì bá tọ́jú ọmọ rẹ̀ kó sì yè, ṣùgbọ́n oyún inú rẹ̀ ti wúwo, kò sùn, kò jẹun, ó ń ti ẹ̀gbẹ́ Mọ́láyọ̀ lọ sí ti àwọn ọmọ aládùúgbò. Ìrọbí mú un kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Kò sí obìnrin tó láyà láti wọ ilé tí Olóde wà. Òun àti oyún náà kú.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, Olókè gbé Mọ́láyọ̀ sẹ́yìn fúnra rẹ̀, ó gbé e dé ìdí ìrókò.

"Ṣàngóbùnmi," ló pè. "Èmi Ọ̀jẹ̀túndé ni. Mo gbé ọmọ mi wá. Mo gbé iṣu àti omi wá. N ò ní jẹ́ kí oúnjẹ rẹ̀ wọ́n ẹ."

Ṣàngóbùnmi jáde láti inú igbó. "Ẹ kú ìrọ́jú, Olókè. Ta ló gbé omi ti Bíntù, àlejò yẹn, wá?"

Olókè sọ ìkòkò omi náà kalẹ̀.

"Ọmọ yín ní ará ilé, mo mọ̀," ni Ṣàngóbùnmi wí. "Màá tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n olóore kan ṣoṣo ni mo ní ní Òkè-Apá. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, a ò rómi mu."

"Mo rò pé mo ń gba ìlú lọ́wọ́ ajẹ́lẹ̀ ni," Olókè wí.

"Ajẹ́lẹ̀ ń kó iṣu lọ, Olókè. Èyí tẹ́ ẹ dá dúró yìí, ńṣe ló ń gbé iṣu wá."

Ó gba ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀.

Olókè padà sílé, ó ní kí wọ́n tún máa dá iṣu jọ. Àwọn kan kùn, ó sì fi orí ara rẹ̀ ru ìkòkò omi àkọ́kọ́ gba àárín ọjà kọjá. Ìlú gbé àwọn aláìsàn tí wọ́n fi pamọ́ jáde lọ sínú igbó. Bíntù, tí ara rẹ̀ ti ń le bọ̀, bá Ṣàngóbùnmi wẹ̀ wọ́n, ó ń bọ́ wọn. Púpọ̀ kú. Mọ́láyọ̀ kò kú.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Bíntù di ẹrù kékeré rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ Ṣàngóbùnmi mú fún ìgbà pípẹ́. Ó sọ ohun púpọ̀ ní èdè Tápà, ó sì lọ. Mọ́láyọ̀ náà padà sílé. Ahéré ṣófo.

Oúnjẹ ń wá déédéé nísinsìnyí, àmọ́ ẹ̀rù ti ba àwọn tó ń gbé e. Wọn a sọ ọ́ sílẹ̀, wọn a sì sá láìké sí ẹnikẹ́ni. Olókè nìkan ló máa ń dúró. Ní ìrọ̀lẹ́ míì, ó máa ń wá jókòó sórí gbòǹgbò ìrókò, Ṣàngóbùnmi a sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà kan, Olókè ní, "Iná kò jó dáadáa nílé mi mọ́ látìgbà tí Àpínkẹ́ ti lọ." Ṣàngóbùnmi ní, "Igi tútù ni wọ́n ń wá fún yín." Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí òjò fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.