Ìyàwó Tí Kò Kúnlẹ̀

Ẹnu mi kì í dákẹ́, gbogbo Badarawa ní Kaduna níbí ló mọ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ tí àwọn ará Ìlọrin ń bọ̀ wá tọrọ Maimunah, ọmọ mi, mo ti ṣèlérí fún bàbá rẹ̀ pé n kò ní sọ̀rọ̀.

Ọmọ kékeré ni Maimunah nígbà tí jẹjẹrẹ wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. A gbé e lọ gbé e bọ̀ ní ọsibítù títí ó fi sú wa. Ọlọ́run ṣe é, oògùn ràn án, àrùn lọ, a rò pé ó tán. Àfi ìgbà tó di ọ̀dọ́mọbìnrin tí ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Dókítà ya fọ́tò ìbàdí rẹ̀, ó ní oògùn tó gba ẹ̀mí rẹ̀ là náà ló ba egungun rẹ̀ jẹ́, pé orí egungun itan rẹ̀ ti ń rọ. Kó máa mu wàrà àti oògùn egungun, kó máa rìn nínú oòrùn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ lóṣòó, kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀. Bí orí egungun náà bá wó, iṣẹ́ abẹ ni. Mo dúpẹ́ bẹ́ẹ̀ náà. Ọmọ tí a ti ń retí ikú rẹ̀ ló wá ń ṣàròyé ìbàdí. Bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ.

Abdulbaqi tó fẹ́ fẹ́ ẹ mọ gbogbo rẹ̀. Àwọn ará ilé rẹ̀ ni kò mọ̀.

"Bí wọ́n bá gbọ́ jẹjẹrẹ, wọ́n á sá," ni bàbá Maimunah wí. "Kó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kó dìde."

Mo ní láéláé. A wá fẹnu kò pé kó kí wọn lórí ìdúró, kí èmi sì panu mọ́.

Wọ́n dé, Abdulbaqi wà láàárín wọn. Ìyá Hàwáwù, ìyá àgbà Abdulbaqi, ni wọ́n fi sórí àga tó dára jù. Maimunah wọlé, ó tẹrí ba, ó kí wọn.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ní Kaduna nìyí?" Ìyá Hàwáwù bèèrè. "Mo ti wí fún Abdulbaqi pé ọmọ tí wọ́n tọ́ sílẹ̀ Hausa kì í mọ ìkúnlẹ̀."

Ojú ti ọmọ mi. Ó di ara ògiri mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún.

"Tashi! Dìde!" Mo ti fò sókè. "Haba, Ìyá! Hausa gan-an ń lóṣòó kí àgbà. Jẹjẹrẹ ló ṣe ọmọ yìí ní kékeré, oògùn ti jẹ egungun ìbàdí rẹ̀. Ẹ fẹ́ ẹ, ẹ má fẹ́ ẹ, kò ní kúnlẹ̀!"

Ẹyin lohùn, ó ti bọ́. Bàbá Maimunah fọwọ́ bojú.

Ìyá Hàwáwù kọjú sí Maimunah. "Ìbàdí wo?"

"Ti ọ̀tún, Màmá."

"Òun náà ni tèmi. Mo ṣubú nínú balùwẹ̀ ní èṣí, ó dá. Láti ìgbà náà, n kò kúnlẹ̀ mọ́. Mo ṣe bí ọjọ́ ogbó nìkan ló ń jẹ egungun." Ó yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀. "Kí lẹ ń wò? Ẹ gbé àga wá fún ìyàwó wa."

Ó fa Maimunah mọ́ra. "Oògùn egungun yẹn, ṣé ó máa ń há ìwọ náà lọ́fun?"

"Wallahi, Màmá, ó ń há mi!"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Abdulbaqi ń nu ojú.

Nígbà tí àkókò ìrun àílà ọ̀sán tó, a tò ní sàfù. Àga méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́yìn sàfù àwọn obìnrin, ìyá arúgbó àti ọmọ mi ń tẹrí ba lórí wọn. Èmi fi orí kanlẹ̀ níwájú wọn. Mo dúpẹ́ tèmi, mo sì dúpẹ́ ti ọmọ tí kò lè forí kanlẹ̀. Àlùfáà tó ń ṣáájú ìrun ti gbórí sókè, èmi ṣì wà nílẹ̀, omi ojú mi ti rin ẹní.