Ọjọ́ tí Ìyá Dúnmóyè Du Ipò Ààrẹ

Láti àárọ̀ ni ẹ ti ń bi mí níwájú tábìlì oníwèé ìròyìn yìí pé, nínú èrò rẹpẹtẹ tó ń du tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ nínú ẹgbẹ́ yẹn, ta ni yóò wọlé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi kì í fi irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ falẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí. Àlá tí mo lá lóru àná ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rọ́, torí ó há mi lọ́fun.

Lójú àlá, ọ̀sán gangan ni. Mo bá ara mi ní pápá bọ́ọ̀lù kan níbi tí wọ́n ti ń dìbò abẹ́lé. Àwọn olùdíje pọ̀ débi pé àwọn kan ń jókòó lé ara wọn lẹ́sẹ̀. Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ń léfòó lókè orí wa, okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí ni wọ́n fi so ó mọ́ òpó gólì. Ẹnikẹ́ni ò bèèrè ìdí, èmi náà ò bèèrè. Ohun tó kàn ń bí mi nínú ni pé aṣọ tútù ṣì wà lórí okùn náà, omi rẹ̀ ń kán sí mi lọ́rùn.

Olóyè Gbọ́lágadé, alága ìgbìmọ̀ ìdìbò, yọjú láti ojú fèrèsé òkè.

"Bàbá Dúnmóyè, ẹ̀yin là ń dúró dè! Ẹ bá wa wọ̀n wọ́n wò. Ẹ̀yìn ẹni tí ẹ bá ní ó lè wọlé la máa tò sí."

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Olùdíje àkọ́kọ́ gbé àpò ìrẹsì kan dání. Àpò náà ló ń sọ̀rọ̀, ẹni tó gbé e kàn ń mi orí.

"Ẹ wò mí dáadáa, bàbá," ni àpò náà wí. "Èmi ni mo gbé e dé ibi tó dé."

Mo ní òótọ́ ni, ó sì ṣeé ṣe kó wọlé bí òjò ò bá rọ̀ sí i. Èkejì ti ń díje tipẹ́ débi pé koríko ti hù lórí bàtà rẹ̀. Mo ní àánú rẹ̀ ń ṣe àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n àánú kì í dìbò. Nígbà tí mo wòkè, Olóyè ti di òbúkọ. Fìlà rẹ̀ ṣì wà lórí, ìwo ló gbé e dúró. Mo kí i bó ti yẹ ká kí àgbà, a sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Pápá wá di pálọ̀ mi, gbogbo èrò yẹn sì gbà síbẹ̀. Ẹni tó kàn ni Ìyá Dúnmóyè.

Ẹ mọ̀ pé ọdún kẹta rèé tí ìyàwó mi ti dákẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé kò fẹ́ràn òṣèlú. Bí mo bá tan rédíò lálẹ́, á ní, "Bàbá Dúnmóyè, ẹ yí i wálẹ̀. Àwọn tí ẹ ń tìtorí wọn pariwo yìí, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ yín." Òun ló wá dúró yìí, ó fi àwòrán ara rẹ̀ kọ́ ọrùn, ó wọ búbà rẹ̀ kan tó ti ṣá léjìká. Ẹ̀rù ò bà mí rárá. Inú mi dùn gan-an.

"Kí lo wá ṣe níbí?" ni mo bi í.

"Wọ́n ní ẹni tó bá wọlé á padà sílé," ó ní. "Ni mo bá ní kí n dán an wò."

Èrò ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Ìlà náà gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó yí kànga po. Òbúkọ wúkọ́.

"Bàbá Dúnmóyè, ẹ wọn èyí náà fún wa. Ṣé ó lè wọlé?"

Ó wù mí kó wọlé, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó wù mí ju kí n jẹun lọ. Àmọ́ ẹnu tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣírò ìbò kì í bi ọkàn léèrè kó tó sọ̀rọ̀. Ẹnu náà ní:

"Ẹgbẹ́ ò mọ̀ ọ́n. Kò ní gómìnà kankan lẹ́yìn. Ọ̀run ló ń gbé, ọ̀run ò sì sí lára àwọn ìpínlẹ̀ wa. Kò lè wọlé."

Ẹ sáà mọ èèyàn wa, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ìbò òun ṣòfò. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í tú, wọ́n ń lọ tò sẹ́yìn àpò ìrẹsì. Mo ń pariwo, "Mo ṣì í sọ ni o! Ẹ padà, ẹ jọ̀ọ́!"

Àga onírọ́bà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló dá mi lóhùn. "Bàbá, ẹyin lohùn." Ó gbéra ńlẹ̀, òun náà lọ tò sẹ́yìn ìrẹsì.

Mo lọ dúró sẹ́yìn ìyàwó mi. Mo gbóòórùn àdí àgbọn tó máa ń fi para. Òbúkọ ń bọ̀, ó ń fi ìwo kan orí kọ̀ọ̀kan láti kà á. Ó kàn mí lórí.

"Ẹyọ kan," ó ní. Ó wo ẹ̀yìn mi, kò rí ẹnìkankan.

Ìyá Dúnmóyè ò yíjú padà. "Bàbá Dúnmóyè," ó ní, "ẹ ò purọ́ fún mi rí. Ẹ̀ bá kúkú purọ́ lónìí."

Kí n tó dáhùn, okùn aṣọ já. Ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó ń gbé Ìyá Dúnmóyè lọ pẹ̀lú àwọn aṣọ tútù yẹn. Mo nawọ́, mo sì jí.

Ilẹ̀ ti mọ́. Etí bẹ́ẹ̀dì tí mo máa ń sùn sí ni mo wà, mo kọjú sí àyè tirẹ̀ tí mi ò tíì sùn dé láti ọjọ́ tó ti lọ. Rédíò ń pariwo lórí àpótí lápá ọ̀hún, torí kò sẹ́ni tó ní kí n yí i wálẹ̀ kí n tó sùn. Èsì ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ kejì ni wọ́n ń kà, orúkọ lórí orúkọ. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ọkùnrin tó ń kà á ní ìbò kan ṣoṣo ni ẹni tó gbẹ̀yìn ní. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo na ọwọ́ kọjá àyè rẹ̀, mo yí rédíò wálẹ̀.