Owó-Orí Ọlọ́fèrè

Gbogbo pápá ló ń pariwo "Olè! Olè!" nígbà tí ojú àwọn méjèèjì ṣe mẹ́rin.

Ìdíje ti fẹ́ parí. Bọ́ọ̀lù ti ba ọwọ́ agbábọ́ọ̀lù kan níwájú àwọ̀n, rẹfirí sì ti fun fèrè, ó na ìka sí ojú pẹnáríti bí ẹni tó ń júwe ilé fún àlejò. Èrò ya dìde. Ẹlòmíràn ń ju ike omi, ẹlòmíràn ń ṣépè fún ìyá rẹfirí tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣù bò ó bí oyin. Ọkùnrin náà kò sún, kò sì gbaná jẹ. Ó dúró ṣánṣán nínú aṣọ dúdú rẹ̀, òógùn ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Ó gbójú sókè bí ẹni tó fẹ́ mí díẹ̀, ojú náà sì bọ́ sínú ojú ọmọbìnrin kan tó jókòó ní ìlà kejì, òun nìkan ni kò lanu pariwo.

Kò pariwo nítorí pé ó rí ọwọ́ náà. Àbúrò rẹ̀ ló sì ni ọwọ́.

Ẹlẹ́yinjú ni ìyá rẹ̀ ń pè é láti kékeré, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ojú lè wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ariwo gbogbo pápá wábi gbà. Ọkàn rẹ̀ ń lù kì-kì-kì bí ẹni tó sáré gun òkè. Ó ní kí òun yíjú, ọrùn kọ̀. Ọkùnrin náà mi orí díẹ̀, bí ẹni tó sọ pé "o ṣeun", ó gbé bọ́ọ̀lù, ó gbé e kalẹ̀ síbi tí òfin ní kó wà. Wọ́n gbá a sínú àwọ̀n. Ẹgbẹ́ àbúrò rẹ̀ fìdí rẹmi.

Nígbà tí wọ́n délé, àbúrò ju bàtà sí kọ̀rọ̀.

"Rẹfirí yẹn ti gbowó! Màámi, wọ́n ti ra ọkùnrin yẹn!"

"Ìwọ, wò mí lójú," ni ìyá wọn wí. "Bọ́ọ̀lù kàn ọ́ lọ́wọ́ àbí kò kàn ọ́?"

"Ẹ̀yin náà, Màámi..."

"Ó kàn ọ́ àbí kò kàn ọ́?"

"Ó kàn mí díẹ̀."

"Díẹ̀! Ẹni tó jí ẹyin kan, ṣé díẹ̀ ló jí ni? Lọ wẹ̀, òórùn rẹ ti kún ilé."

Ẹlẹ́yinjú rẹ́rìn-ín sínú. Gbogbo alẹ́ yẹn, ọkùnrin tó dúró ṣánṣán láàárín ariwo ló ń rò.

Ní ọjọ́ Ajé, ó wà lẹ́yìn kaúńtà rẹ̀ ní ọ́fíìsì owó-orí. Kì í ṣe ibi tí ìfẹ́ ń yà sí. Wọ́n fi ìdè irin kan àwọn àga mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbé wọn sá lọ, fáànù ń yí lókè bí ẹni tí oorun ń kùn, gíláàsì kaúńtà sì ní ihò kékeré kan nísàlẹ̀ tí aráàlú ń gbà sọ̀rọ̀, tó fi jẹ́ pé kò sí ọkùnrin, bó ti wù kó ga tó, tí kì í tẹríba kó tó sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀.

Ẹni tó kàn tẹríba. Ẹ̀rún pákó wà nínú irun rẹ̀ àti ní ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Wọ́n kọ̀wé pè mí."

Ó gbójú sókè. Òun náà rí i. Fún ìgbà díẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí ìwé.

"Ẹ̀yin ni," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ̀yin lẹ ò bú ìyá mi."

"Àbúrò mi lẹ fun fèrè sí," ni Ẹlẹ́yinjú dáhùn.

"Háà! Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ sí kaúńtà mìíràn?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí pé ẹnu iṣẹ́ lòun wà. Ó gba ìwé náà.

Káfíńtà ni ọkùnrin yìí láàárín ọ̀sẹ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ ló ń fun fèrè, ìdíje kan lónìí, òmíràn lọ́la, wọ́n á san owó díẹ̀ fún un lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àjọ àwọn rẹfirí ti fi gbogbo ohun tí wọ́n san fún un ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì owó-orí, ọ́fíìsì sì ti gé owó-orí lé gbogbo rẹ̀ lórí, láìku ẹyọ kan, títí kan owó ọkọ̀ tí wọ́n fún un. Iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ ju èrè oṣù méjì lọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Bí mi ò bá yanjú rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí," ni ọkùnrin náà wí, "wọn ò ní fi orúkọ mi sínú àwọn rẹfirí ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ gbé mi lọ sí líìgì ńlá. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ogún ọdún ni mo ti ń retí rẹ̀."

"Kí lẹ yọ kúrò? Ibi ìnáwó yín ṣófo."

"Yọ kẹ̀?"

"Owó tí ẹ ná kí ẹ tó lè ṣe iṣẹ́ náà."

Ọkùnrin náà fọwọ́ họ orí, ẹ̀rún pákó dà sílẹ̀. "Mà, nǹkan tí mo fẹ́ràn ni. Ṣé èèyàn tún lè ní kí ìjọba gba tòun rò lórí nǹkan tó fẹ́ràn ni?"

Ẹlẹ́yinjú wò ó. Ó ti rí oríṣiríṣi láti ihò yẹn. Ó ti rí baálé ilé kan tó yọ owó oúnjẹ ajá rẹ̀, tó ní ọ̀gá síkiọ́ríìtì òun ni. Kò tíì rí ẹni tó ń tijú láti gba ohun tó tọ́ sí i nítorí pé inú rẹ̀ ń dùn síṣẹ́ rẹ̀.

"Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá wọ ọwọ́ yín là ń gba owó-orí lé lórí," ló ṣàlàyé. "Èrè là ń wò. Ẹ mú ohun tó wọlé, ẹ yọ ohun tí iṣẹ́ yẹn nìkan ná yín kúrò, ohun tó bá ṣẹ́kù ni tiwa. Ìfẹ́ ò sí nínú ìṣirò náà." Ó pa ìwé náà dé. "Ẹ kó rìsíìtì yín wá."

Ó kó wọn wá nínú ọ̀rá, òórùn gílúù ń ta lára wọn. Àwọn méjèèjì tò wọ́n sórí kaúńtà.

"Fèrè?"

"Méjì. Ọ̀kan fọ́ mọ́ mi lẹ́nu nígbà tí golí kan forí sọ mí."

"Ó wọlé. Aṣọ dúdú? Ṣé ẹ ń wọ̀ ọ́ lọ síbòmíràn?"

"Ta ló bí mi dáa? Wọ́n á lù mí lójú títì."

"Ó wọlé. Owó ìwé-àṣẹ ọdọọdún, ó wọlé. Ọkọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù yín dé pápá, ó wọlé. Aago ọwọ́?"

"Rárá o. Òun náà ni mo fi ń mọ̀gbà tí gílúù bá gbẹ."

"Bàtà ńkọ́?"

Ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó wo ìsàlẹ̀ bàtà bí ẹni tó ń bi í léèrè. "Ẹ kọ ìdajì. Mo máa ń fi í sáré láràárọ̀, nítorí ara mi ni."

"Ẹ ń sáré kí ẹ lè lókun lórí pápá ni."

"Mo ń sáré nítorí pé ikùn baba mi tóbi," ló fèsì. "Ìdajì, ẹ jọ̀ọ́."

Ẹlẹ́yinjú kò lè ṣe kó má wò ó. Ọkùnrin yìí ń fun fèrè sí ara rẹ̀! Àwọn èèyàn a máa fi irọ́ wá sí kaúńtà yẹn bí ẹni gbé ẹyin lọ́wọ́, wọ́n á rọra, wọ́n á máa wojú rẹ̀. Eléyìí wá gbé òtítọ́ wọ̀ bí aṣọ, kò sì mọ̀ pé ó yẹ òun. Kí ó tó lọ, ó tiẹ̀ tún fi ìwé owó ìtanràn kan hàn án, èyí tí àjọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó pẹ́ dé pápá.

"Èyí ò ṣeé yọ," ni Ẹlẹ́yinjú wí.

"Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo máa ń pẹ́ nígbà míràn. Kí ẹ má baà rò pé mo dáa jù."

Nígbà tó lọ tán, tí kaúńtà dá, Ẹlẹ́yinjú mú kálàmù, ó dé ibi bàtà. Ọwọ́ rẹ̀ kọ odindi.

Ọ̀sẹ̀ yí, ọ̀sẹ̀ tún yí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àgbà akọ̀wé kan ń jókòó, tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Ìyá Rúlà, nítorí rúlà onígi ló fi ń tẹ̀lé ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé, ohun tí kò bá sì ní rìsíìtì, bí ẹni pé wọn ò ná an ni lójú rẹ̀.

"Ẹlẹ́yinjú," ni Ìyá Rúlà wí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, "fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ò kúrò lórí tábìlì rẹ. Ti àwọn onísìmẹ́ńtì, tó ga tó ìrọ̀rí, ọ̀sán kan lo fi ṣe é."

"Ó díjú ni, mà."

"Kí ló díjú? Fáìlì ni àbí onífáìlì?"

Àwọn akọ̀wé yòókù fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín kú. Ojú ti Ẹlẹ́yinjú débi pé ó fi fáìlì bo ojú, fáìlì ọ̀hún náà sì ni.

Nígbà tí ọkùnrin náà tún wá, ìlà kan kò bára mu. Àjọ ní àwọn san owó ìdíje kan fún un. Kò sí nínú ìwé tirẹ̀.

"Mo dá a padà," ló wí. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nínú ẹgbẹ́ kan níbẹ̀, wọn ò mọ̀. Mo sọ fún wọn, wọ́n fi ẹlòmíràn sí i."

"Ìdíje ńlá mà ni. Ṣé ẹ ò lè dá ẹjọ́ òdodo níwájú ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni?"

"Mo lè dá a. Ṣùgbọ́n bí mo bá fún un ní pẹnáríti, ṣé nítorí ẹ̀jẹ̀ ni? Bí mi ò bá fún un ńkọ́, ṣé kí wọ́n má baà sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni? Èmi gan-an ò ní mọ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ti ń gbá bọ́ọ̀lù, kó kúrò nídìí fèrè."

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Ẹlẹ́yinjú ní tirẹ̀, omi tútù ló dà sí i lára. Òfin kan wà ní ọ́fíìsì wọn, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, tí kò sẹ́ni tó ń kà á: akọ̀wé tí onífáìlì bá jẹ́ mọ̀lẹ́bí tàbí àyànfẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá, kó sì yọwọ́. Ta ló wá ń tàn? Ó ti mọ ìró bàtà ọkùnrin yìí kó tó wọlé. Ó ti ń kun ètè ní ọjọ́ tó bá mọ̀ pé ó ń bọ̀. Odindi bàtà yẹn sì wà nínú ìwé, tó ń wò ó.

Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ní àkókò ìsinmi. "Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n, láti ọjọ́ tí ojú wa ti ṣe mẹ́rin..." Ó fà á ya. Ó kọ òmíràn, ìyẹn tọ́; ó fi sínú báàgì, kò sì fún ẹnikẹ́ni. Ìdí ẹ̀ ni pé bí òun bá yọwọ́, Ìyá Rúlà ni fáìlì kàn. Ọkọ̀ akérò wo ló ń fún èrò ní rìsíìtì? Ìyá Rúlà lè pa gbogbo owó ọkọ̀ náà rẹ́, ó lè ní kí wọ́n lọ wá ìwé títí oṣù á fi parí. Fèrè á bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, lẹ́tà tòun ló sì gbà á. Bí òun bá dákẹ́, gbogbo rẹ̀ á yanjú lónìí. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Báyìí ló ń gbé lẹ́tà lọ, tó ń gbé e bọ̀.

Ní ọjọ́ iṣẹ́ tó kẹ́yìn nínú oṣù, ọkùnrin náà dé ní kùtùkùtù, ó fọ irun, kò sí ẹ̀rún pákó kankan lórí rẹ̀. Ó tẹríba síbi ihò.

"Ṣé ó ti tán?"

"Mi ò lè ṣe ìwé yín mọ́," ni Ẹlẹ́yinjú wí.

"Kí ló dé? Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ẹ rántí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín?"

"Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Èmi lọkàn mi ń gbá bọ́ọ̀lù." Ẹnu ihò náà kéré, ó ní láti sún mọ́ ọn gan-an. "Ẹ ní ìdajì bàtà, mo kọ odindi. Mo ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà báyìí pé èmi ni mo ṣe é, kì í ṣe ẹ̀yin. Ṣùgbọ́n tí mo bá fún ọ̀gá, Ìyá Rúlà ló máa gba fáìlì. Oṣù lè parí mọ́ yín lórí. Líìgì ńlá lè lọ."

Ọkùnrin náà dúró. Bó ṣe dúró lórí pápá náà ló ṣe dúró, bí ẹni pé gbogbo ayé ló ń sọ òkò lù ú, òun sì ń wo ibi tí òótọ́ wà. Ìgbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Ṣé lóòótọ́ ni ọkàn yín ń gbá a?"

"Lóòótọ́ ni."

"Ẹ lọ fún wọn." Ó jókòó sórí àga tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, ó gbé ọ̀rá rìsíìtì rẹ̀ lé orúnkún. "Mo máa dúró de Ìyá Rúlà. Tí wọ́n bá sì ní kí n dúró dọdún méjì, èyí tí mo gbọ́ yìí á gbé mi débẹ̀."

Ìyá Rúlà, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, sọ rúlà kalẹ̀. "Kò sẹ́ni tó sọ dọdún méjì," ló kùn. "Rìsíìtì ni mo fẹ́ o. N ò gba orin ìfẹ́."

Ẹlẹ́yinjú rìn kọjá láàárín àwọn tábìlì, ó gbórí sókè. Ó kan ilẹ̀kùn. Ọ̀gá wà lórí fóònù. Ó na ọwọ́ kan jáde láìgbójú sókè, ọmọbìnrin náà sì fi lẹ́tà lé e lọ́wọ́.