Ọgbẹ́ Apá Màámi

Nọ́ọ̀sì ni Níímọ̀tà ní ilé ìwòsàn kékeré kan nínú ọgbà àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà ní Jẹ́dà. Bí oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1996 ṣe ń parí lọ, àwọn ìyá ọmọ inú ọgbà náà wá bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Àwọn ọmọ wọn fẹ́ ṣe Halowíìnì nínú ògiri ọgbà wọn, níbi tí ọmọdé ti máa ń múra bí iwin àti òkú, tí wọ́n á máa tọrọ súìtì láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n fẹ́ kó ṣe ọgbẹ́ ayédèrú sára àwọn ọmọ náà. Ta ló sì mọ bí ojú ọgbẹ́ ṣe ń rí ju nọ́ọ̀sì lọ? Níímọ̀tà gbà. Àmọ́ kò ṣe irú rẹ̀ rí, ó sì fẹ́ kọ́kọ́ dán an wò nílé.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni òun àti Síkírù, ọkọ rẹ̀, ń gbé ní Ghulail, àdúgbò kan ní Jẹ́dà. Àlàájà Mùínàt, ìyá ọkọ rẹ̀, ti Ìsẹ́yìn wá ṣe úmúrà, ó sì wà lọ́dọ̀ wọn. Ojoojúmọ́ ló ń jókòó sẹ́nu fèrèsé, tí ń retí kí Síkírù ọmọ rẹ̀ ti èbúté tó ti ń ṣiṣẹ́ dé. Bí Síkírù bá sì dé, á kí i, á jẹun, oorun á gbé e lọ.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi lápá yín," ni Níímọ̀tà wí.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ dá ọgbẹ́ sí i."

Nígbà tó ṣàlàyé tán, ìyá bi í. "Ṣé kì í ṣe ẹbọ?"

"Eré ọmọdé ni, Màámi."

"Ó dáa. Dá a kó jinlẹ̀."

Níímọ̀tà po ìyẹ̀fun mọ́ fasilíìnì, ó bu kòkó lílọ̀ sí i títí àwọ̀ rẹ̀ fi jọ ti ara ìyá. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá, ó ń fi ìka tẹ etí rẹ̀ títí ẹnikẹ́ni ò fi lè mọ ibi tí ara parí sí. Ó wá fi ìdí ṣíbí là á láàárín. Ó ti se ìṣápá, tí wọ́n ń pè ní karkadé níbẹ̀, pẹ̀lú ṣúgà títí ó fi ki. Ó rọ ọ́ sójú ọgbẹ́, ó sì fi tìróò kun etí rẹ̀. Láti ìgbà tó ti fẹ́ Síkírù, kò di ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá náà ò mira. Ó ní ọwọ́ ìyàwó òun tutù, ó tu òun lára.

Nígbà tó parí, àyà Níímọ̀tà fúnra rẹ̀ já. Ó fẹ́ nù ún kúrò, ṣùgbọ́n ìyá fa apá sẹ́yìn.

"Fi sílẹ̀. Jẹ́ kí ọmọ mi bá a."

Kò pẹ́ tí Síkírù fi ṣílẹ̀kùn, tó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ó rí apá ìyá rẹ̀, àpò ọwọ́ rẹ̀ sì já bọ́. Ó gbé ìyá rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ, ó sáré gba àtẹ̀gùn lọ sísàlẹ̀ láìwọ bàtà. "Ìyá mi, ẹ má dijú o. Ẹ máa wò mí." Níímọ̀tà ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń pariwo pé kì í ṣe ọgbẹ́ gidi, kò gbọ́. Ìyá tó yẹ kó sọ̀rọ̀ sì forí ti àyà ọmọ rẹ̀, ó dákẹ́.

Ìgbà tí Síkírù ń ké sí takisí lójú títì ni ìyá tó fìka kan ojú ọgbẹ́, tó sì tọ́ ọ lá.

"Ṣúgà ìyàwó rẹ ti pọ̀ jù," ó wí, ó sì ṣí ọgbẹ́ náà kúrò lápá.

Síkírù wo ara tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó jọ̀lọ̀, kò sí ojú àpá kankan níbẹ̀. Ó padà jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ilé tòun ti ìyá lẹ́sẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Má bínú," ni ìyá wí. "Mo rò pé Jẹ́dà ti gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi ni."

"Màámi, ta ló lè gbà mí lọ́wọ́ yín?"

Lọ́jọ́ Halowíìnì, àwọn ọmọ inú ọgbà gba ọgbẹ́ wọn, inú wọn dùn; ọ̀kan tilẹ̀ kọ̀, kò jẹ́ kí wọ́n wẹ tirẹ̀ kúrò. Ọjọ́ kejì ni Jímọ̀. Síkírù kó wọn lọ sí Mẹ́kà, ó sì di ìyá rẹ̀ mú láàárín èrò títí wọ́n fi yípo Kábà tán. Lẹ́yìn ìrun, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó tutù. Síkírù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ìyá rẹ̀ nípa èbúté, nípa ọkọ̀ ojú omi àti ọ̀gá rẹ̀ tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó ń sọ ọ́ lọ, ìyá ń béèrè sí i, títí oorun fi gbé Níímọ̀tà lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.