Àwọn Tó Gba Àsíá

"Ẹ má jókòó síbẹ̀ o! Tí aṣọ yẹn bá dọ̀tí, ọrùn mi ni wọ́n máa gbé e kọ́."

Ohùn Alàgbà Olúgbádé, ọ̀gá ọ́fíìsì eré ìdárayá, ló jáde láti abẹ́ kánópì. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tí wọ́n fẹ́ rọra fìdí lé koríko tún nà ró. Aṣọ eré tuntun ló wà lọ́rùn wọn, oòrùn sì ti ń pa wọ́n láti àárọ̀.

Moróunkẹ́ ni kóòṣì wọn. Pápá ló ń wò. Àwọn tó wá ta kánópì kò rí ibòmíràn ta á sí ní gbogbo ilẹ̀ gbalasa náà, àfi orí ìlà tí àwọn ọmọ ń sáré lé. Wọ́n ti to àga oníke dí gbogbo ìlà pa. Yéjídé àti Bọ́láwùmí, àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì, ń tẹ́ aṣọ sórí tábìlì níbi tó yẹ kí àwọn ọmọ ti máa gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Ọ̀pá tuntun náà wà lórí tábìlì, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lára. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án kí Ọnọrébù, aṣòfin tó yá wọn ní bọ́ọ̀sì, tó fọwọ́ ara wọn gbé e pẹ̀lú àsíá Nàìjíríà lé àwọn ọmọ lọ́wọ́.

Bọ́ọ̀sì máa gbéra ní ìdájí ọ̀la. Lomé ni wọ́n ń lọ, níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká ti fẹ́ díje. Ẹni mẹ́rin ló ń sá eré tiwọn. Ẹni àkọ́kọ́ á sáré dé ibi tí wọ́n fi ààlà sí, á gbé ọ̀pá lé èkejì lọ́wọ́ lórí eré, títí tí yóò fi dé ọwọ́ ẹni ìkẹyìn. Kò sí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá nínú wọn. Ọ̀pá gan-an ni wàhálà. Akóbo ni Ẹwàolúwa ń gbé, Ẹnìtàn ń kàwé ní Ìlọrin, Islamiat ń bá ìyá rẹ̀ ta ẹ̀wà lọ́jà Bódìjà, Ọmọ́fẹ́ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti Jọ́ọ̀sì lánàá ni. Òní nìkan ni gbogbo wọn jọ wà lójú kan.

"Sà," ni Moróunkẹ́ wí nígbà tó sún mọ́ ọ̀gá rẹ̀, "ẹ jẹ́ kí n kó wọn jáde fún ìgbà díẹ̀. Islamiat àti Ọmọ́fẹ́ ò tíì gbé ọ̀pá fún ara wọn rí."

"Ìyá Fọláyọ̀, ẹ ṣàánú mi. Tí Ọnọrébù bá yọ báyìí tí wọn ò bá ọmọ kankan nílẹ̀ ńkọ́? Bọ́ọ̀sì wọn là ń gbé lọ. Tí wọ́n bá bínú gba bọ́ọ̀sì wọn, ṣé ẹsẹ̀ làwọn ọmọ máa fi rìn dé Lomé?"

"Aago mẹ́wàá ni wọ́n dá, sà. Aago méjì ti lù. Báyìí náà la jókòó dè wọ́n lọ́dún tó kọjá."

Olúgbádé fi áńkáṣífù nu orí rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ní ìgbà èwe rẹ̀, òun náà díje nínú eré fífò sókè fún orílẹ̀-èdè yìí títí tí orúnkún fi dá a lóró, ó sì ti tó ọdún mélòó kan tó ti ń bẹ àwọn tí kò mọ eré pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ṣojú àánú sí eré. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó rẹ Moróunkẹ́ náà.

Nínú ìdíje ọdún tó kọjá, ọwọ́ Islamiat ni ọ̀pá ti bọ́. Gbogbo ayé wò ó lórí fóònù. Ní ọjà, àwọn oníbàárà á ra ẹ̀wà tán, wọn á ní kó rọra di ọ̀rá náà dáadáa kó má baà tún bọ́. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Àwọn mìíràn ní àwa ọmọ Nàìjíríà la nífẹ̀ẹ́ eré jù, àwa náà la máa ń dójú ti ara wa jù. Láàárọ̀ òní, Islamiat fa kóòṣì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mọ̀mí, tó bá tún bọ́ lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní sáré mọ́ láyé mi." Kò sunkún bó ṣe ń sọ ọ́, ohun tó sì ba Moróunkẹ́ lẹ́rù nìyẹn.

Ó pa dà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ náà. "Ẹ bọ́ aṣọ yẹn, kí ẹ fi kọ́ àga. Ẹ tẹ̀ lé mi."

Wọ́n gba ibi tí ọgbà ti ya jáde. Nídìí ẹ̀rọ omi, Moróunkẹ́ ṣa àjákù páìpù kan tí kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ lọ, ó fi aṣọ rẹ̀ nu ún.

Òpópónà kan wà lẹ́yìn pápá, láàárín àwọn ilé Bódìjà, tí ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà. Ibẹ̀ ló to àwọn ọmọ sí. Ẹwàolúwa gbé páìpù náà fún Ẹnìtàn, ó wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ wẹ́rẹ́. Ẹnìtàn gbé e fún Islamiat, ó dára. Nígbà tó kan Islamiat àti Ọmọ́fẹ́, páìpù já lulẹ̀, ó yí lọ sínú gọ́tà.

Oníkẹ̀kẹ́ kan tó ń sinmi lábẹ́ igi máńgòrò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ tún fẹ́ lọ ṣojú wa? Ẹ gbààwẹ̀ ná o! Ọ̀rọ̀ yín kọjá eré."

"Ọ̀rọ̀ wa ò kọjá eré, ọ̀gá," ni Moróunkẹ́ fèsì. "A ò rí àyè ṣeré ni."

Ó pe Ọmọ́fẹ́. "Kí ló dé tí o ń wẹ̀yìn?"

"Mi ò mọ ìgbà tó máa dé ọ̀dọ̀ mi, mà."

"Etí lo máa fi mọ̀ ọ́n. Dúró, kọ ẹ̀yìn sí Islamiat. Islamiat, sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Má gbé nǹkan kan dání."

Islamiat sáré kọjá, ó pa dà, ó tún sáré. Ọmọ́fẹ́ dijú, ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹnì kejì rẹ̀ lórí ọ̀dà. Ohun tó yẹ kí wọ́n ti fi oṣù mẹ́fà mọ̀ nípa ara wọn ni wọ́n ń fi ọ̀sán kan wá. Inú bí Moróunkẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè bínú sí níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe tún gbé páìpù ni síréènì bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti ìhà ojú títì ńlá. Ọnọrébù dé. Fóònù Moróunkẹ́ náà sì dún: Olúgbádé ni. Ó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti lé èèyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lórí ohun tí kò tó èyí. Bọ́ọ̀sì ọ̀hún ńkọ́?

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni Islamiat wí. "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Moróunkẹ́ wo ojú ọmọ náà. Ó pa fóònù.

Islamiat gbéra. Ọmọ́fẹ́ gbéra níwájú rẹ̀, ó nawọ́ sẹ́yìn, kò wẹ̀yìn. Páìpù bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pẹ̀ẹ́, ó sì dì í mú. Wọ́n tún un ṣe títí tí kò fi bọ́ mọ́.

Nígbà tí wọ́n pa dà, Moróunkẹ́ ti mú ọkàn le láti kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò ti lọ. Yéjídé, Bọ́láwùmí àti àwọn obìnrin méjì tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ló jókòó lábẹ́ kánópì tí wọ́n ń jẹ mítípáì. Aṣọ eré tuntun ló wà lọ́rùn wọn. Bọ́láwùmí lóyún, síìpù rẹ̀ kò pa dé. Àsíá wà lórí itan rẹ̀.

"Kí ni mo fẹ́ ṣe?" ni Olúgbádé wí kí wọ́n tó bi í. "Wọ́n ti dé ẹnu géètì. Àwọn mẹ́rin yìí ni mo wọ aṣọ fún. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gbàdúrà, wọ́n lọ. Bọ́ọ̀sì wà nílẹ̀."

"Kò sẹ́ni tó fura, sà?" ni Moróunkẹ́ béèrè.

"Ta ló mọ̀ wọ́n?"

Yéjídé kò lè wo ojú Islamiat. "Ọnọrébù bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní ojú mi ò ṣàjèjì. Wọ́n ní ṣebí èmi ni mo ju ọ̀pá sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kí n má tún ṣe bẹ́ẹ̀ o. Mo bá ní kí wọ́n má bínú."

Islamiat ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀, ó wá ku omi ojú nìkan. Yéjídé dìde, ó dì mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà dun Moróunkẹ́ dé egungun.

"Ọ̀pá tuntun dà?" ló béèrè.

Olúgbádé wolẹ̀. "Wọ́n gbé e lọ. Wọ́n ní àwọn á fi sí pálọ̀ fún ìrántí."

Moróunkẹ́ rìn lọ sí ìlà kìíní, ó gbé àga kan, ó gbé òmíràn lé e, ó kó wọn lọ sórí koríko. Àwọn ọmọ dara pọ̀ mọ́ ọn. Bọ́láwùmí náà fẹ́ dìde, wọ́n ní kó jókòó. Níkẹyìn, Olúgbádé di orúnkún rẹ̀ mú, ó dìde, ó gbé àga tirẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn ìlà funfun fi bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lábẹ́ kánópì. Moróunkẹ́ na páìpù sí Islamiat. Ní ọ̀ọ́kán, Ọmọ́fẹ́ ti kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó tẹ́tí sílẹ̀.