Ibi Tí Kọ́bọ́ọ̀dù Yóò Dé Tó Bá Ṣubú

1.

…kì í ṣe pé kí o fi agbára tì í. Àtẹ́lẹwọ́ lásán, lókè, níbi tí èjìká rẹ dé. Tì í díẹ̀, kí o sì fi í sílẹ̀. Tí kò bá mira rárá, ó dára. Tó bá mì lẹ́ẹ̀kan, kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá mì, tó tún mì, kúrò níwájú rẹ̀ kí o tó kọ ohunkóhun.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ní yàrá àkọ́kọ́ nísàlẹ̀ ilé àyẹ̀wò náà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo kàn ń ti àwọn kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ń dá mi lóhùn.


2.

OHUN TÍ MO BÁ NÍSÀLẸ̀

Sílíńdà gáàsì, ní ìdúró. Ṣéènì tó yẹ kó dì wọ́n mú wà lára ògiri. Aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n kọ́ sára rẹ̀.

Ìgò ásíìdì, lórí pẹpẹ tó ga jù. Pẹpẹ náà kò ní etí tí yóò dá wọn dúró.

Fíríìjì, lórí táyà. Bẹ́ẹ̀ ni, táyà. Tí ilẹ̀ bá mì, yóò rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, yóò sì dí i pa.

Òṣìṣẹ́ kan, ó ń sùn. Kò sí lára ohun tí wọ́n ní kí n yẹ̀ wò.


3.

ÀKÍYÈSÍ LÁTI Ọ́FÍÌSÌ Ọ̀GÁ ÀGBÀ

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́. Nítorí pé ilẹ̀ mì lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tó kọjá, a ti yan ẹnì kan tí yóò máa wọ yàrá kọ̀ọ̀kan. Yóò lẹ bébà aláwọ̀ ewé mọ́ ohun tó dúró dáadáa, yóò lẹ pupa mọ́ èyí tó lè ṣubú lu èèyàn. Yàrá tí pupa bá wà nínú rẹ̀, a ó tì í pa títí a ó fi so nǹkan náà mọ́ ògiri. Ẹ má ṣe yọ bébà náà. Ẹ má sì ṣe fi ọ̀dà kun pupa kó di àwọ̀ ewé. A rí yín.

*(Ẹnì kan fi bíírò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: Ọ̀gá fúnra wọn ńkọ́? Ṣé wọ́n ti tì wọ́n wò?)*


4.

Orúkọ tí wọ́n sọ mí: Tì-í-wò.


5.

Bí kọ́bọ́ọ̀dù bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe nà sílẹ̀ tó. Mo wọn gíga rẹ̀, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ níbi tí orí rẹ̀ yóò dé. Inú mi máa ń dùn sí èyí ju bó ti yẹ lọ. Ìlà kan ṣoṣo, o sì ti rí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ ń fo ìlà náà bí ẹni ń fo ọ̀gbàrá. Wọn ò so kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n kàn ń fò.


6.

ÌYÀWÓ MI: Olówó orí mi, ta ló so kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ mi mọ́ ògiri tilẹ̀kùn-tilẹ̀kùn?

ÈMI: Kọ́bọ́ọ̀dù ni mo so. Okùn ló gba orí ilẹ̀kùn kọjá.

ÌYÀWÓ MI: Ṣé ìhòòhò ni kí n lọ síbi iṣẹ́?

ÈMI: Mò ń bọ̀.

ÌYÀWÓ MI: Tí o bá dé, gbé abọ́ omi tí o fi ń ṣọ́ ilẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Ilẹ̀ ò mì. Ìwọ lò ń mì.


7.

Yàrá tó kẹ́yìn, lókè pátápátá: ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin.

Wáyà kan so rọ̀ láti àjà. Irin wúwo kan wà nídìí rẹ̀. Aago kékeré kan ń sọ bí wáyà náà ṣe ń gùn sí i, díẹ̀díẹ̀, bí èékánná. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ni irin yìí ti ń fà á. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ mọ bó ṣe ń rẹ irú wáyà tó gbé afárá dúró, kó tó di pé ó já. Tí nǹkan bá mi yàrá náà, tí irin náà ta gìrì lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ohun tó ti kà látọjọ́ yìí bàjẹ́.

Ẹ̀yìn àga rẹ̀ ni kọ́bọ́ọ̀dù wà, ó kún fún irin dé òkè. Mo tì í.

Ó mì.

Ó tún mì.

Mo fa ìlà. Àga ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sínú ìlà.


8.

*(lára ilẹ̀kùn rẹ̀)*

Ẹ BỌ́ BÀTÀ.
Ẹ MÁ SÁRÉ.
Ẹ MÁ SÍN.
Tó bá di dandan kí ẹ sín, ẹ lọ sín nílé yín.


9.

ÈMI: Ẹ dìde lórí àga yẹn ná, ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Ibí ni mo ti ń ka aago.

ÈMI: Kọ́bọ́ọ̀dù yìí máa pa yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti wà lẹ́yìn mi, kò tíì pa mí.

ÈMI: Bóòtì mẹ́rin péré la ó fi so ó. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ lu ihò sí ògiri—

Ẹ̀GBỌ́N: Lu ògiri wo? Ìwọ tí mo pọ̀n dàgbà! Kí ẹ̀rọ yẹn máa han lára ògiri, kí wáyà mi máa jó?

ÈMI: Mo ti rò ó pé ká fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Mo dán an wò nísàlẹ̀. Gọ́ọ̀mù yẹn lágbára gan-an. Ọ̀dà ògiri ló bá a wálẹ̀, odindi.

Ẹ̀GBỌ́N: *(ó rẹ́rìn-ín)* Ṣé o rí i.

ÈMI: Tá a bá kó irin inú rẹ̀ jáde ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ọ̀kan bọ́ lulẹ̀ ni? Pẹ̀lú ọwọ́ rẹ tó ń gbọ̀n yìí?

ÈMI: *(mo ki ọwọ́ bọ àpò)*

Ẹ̀GBỌ́N: Àbúrò mi, fi yàrá yìí sílẹ̀. Jẹ́ kí wáyà já fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, lu gbogbo ògiri tó bá wù ẹ́.

ÈMI: Ìgbà wo ló máa já?

Ẹ̀GBỌ́N: Tí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé màá jókòó tì í?


10.

Ọ̀GÁ: Kí ni àlàfo inú ìwé yín yìí?

ÈMI: Mi ò tíì dé yàrá yẹn, sà.

Ọ̀GÁ: Ẹ̀gbọ́n yín ló wà níbẹ̀, àbí?

ÈMI: Àwọn ni, sà.

Ọ̀GÁ: Ẹ lọ dé ibẹ̀.


11.

Tì-í-wò gun àtẹ̀gùn. Ó dúró ní agbedeméjì, ó di irin àtẹ̀gùn mú, nítorí ó dá a lójú pé ilẹ̀ ń mì. Ilẹ̀ ò mì. Ó bọ́ bàtà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ orí ba níwájú aago, ó ń kà á. Ọrùn rẹ̀ wà ní gbangba, kọ́bọ́ọ̀dù sì ń wò ó látòkè.

Ọkùnrin náà yọ bébà kan. Ó wo àwọ̀ rẹ̀.

Ó lẹ pupa.


12.

Kò bú mi. Ì bá kúkú bú mi.


13.

Kò dúró de ẹ̀rọ. Kí àwọn òṣìṣẹ́ tó kó irinṣẹ́ wọn dé òkè, ẹ̀gbọ́n mi ti fi ọwọ́ méjèèjì gbé irin náà sókè, ó yọ ọ́ kúrò nídìí wáyà, ó sì rọra gbé e jókòó sórí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ aago yí padà sẹ́yìn.

Ó wo àwọn òṣìṣẹ́. Ó ní, "Ó yá."

Bóòtì mẹ́rin. Eruku ògiri bo àga rẹ̀.


14.

ÌGBÀ TÍ ILẸ̀ KÒ MÌ

Lọ́jọ́ kejì.
Nígbà tí mò ń wẹ̀.
Nígbà tí mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, tí kò gbé e.
Nígbà tí mo tún pè é.
Lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ tí ààrá sán, tí mo sì sáré síta tayọ̀tayọ̀.

Tayọ̀tayọ̀. Mò ń bẹ ilẹ̀ pé kó mì. Díẹ̀ péré, kí ẹ̀gbọ́n mi lè rí i. Irú èèyàn wo ló ń bẹ̀bẹ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀?


15.

*(lẹ́tà Ọ̀gá Àgbà sí mi)*

Inú wa dùn láti sọ fún yín pé ilé àyẹ̀wò wa ti yege. Gbogbo yàrá ló ti gba àwọ̀ ewé. Láti oṣù tó ń bọ̀, ẹ̀yin ni ẹ ó máa bójú tó ààbò gbogbo ilé wa. Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun.


16.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo fẹ́ so wáyà tuntun. Gbígbé irin yẹn kọ́ láì jẹ́ kó ta gìrì gba ẹni méjì. Mi ò ní bá ẹ sọ̀rọ̀. Wá.


17.

Mo gbé irin náà láti ìsàlẹ̀. Ó fi ìkọ́ bọ wáyà. Mo ń tú ọwọ́ mi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí wáyà fi gba ẹrù náà. Mo mọ ìgbà tó gbà á gan-an, bí ìgbà tí ẹni tí ẹ jọ ń gbé tábìlì bá ní òun ti dì í mú.

Ọwọ́ mi ò gbọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó. Ó ka aago, ó kọ ìwọ̀n àkọ́kọ́ sílẹ̀. Kò wo ojú mi.

Abẹ́rẹ́ aago gbọ̀n.

Àwa méjèèjì rí i.

"Ọkọ̀ ẹrù ni," ẹ̀gbọ́n mi wí.

Mo wo títì láti ojú fèrèsé. Ó ṣófo dé ìpẹ̀kun.

"Ọkọ̀ ẹrù ni," mo ní.