Ilé Tí Ìjọba Kọ́ fún Alágbàṣe Ògúnbọ̀dé

Àwọn tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ obìnrin orogún nìkan ni owú, wọn kò tíì pàdé Bàbá Ògúnbọ̀dé ní Òdòdè, Ìdànrè. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà, olóko kòkó ọmọ olóko kòkó. Ìyàwó kan ṣoṣo tó fẹ́ láyé rẹ̀ ti sùn nínú Olúwa láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Síbẹ̀ owú mú ọkùnrin yìí débi pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba pé òun kò lóko.

Ó ní alágbàṣe kan tó ń jẹ́ Olútúndé. Ọdún kọkànlá rèé tí wọ́n ti jọ wà. Olútúndé ló ń ro oko, òun ló ń fín oògùn sí kòkó, òun ló ń já a, òun ló ń fọ́ ọ, òun náà ló ń sá a. Abà tó wà láàárín oko ni òun, Àrìnkẹ́ ìyàwó rẹ̀, àti àwọn ọmọ wọn mẹ́ta ń gbé, nínú yàrá alámọ̀ kan tí ejò máa ń wọlé wá kí wọn láìkan ilẹ̀kùn. Ní tiwa níbí, ẹni tó bá gba alágbàṣe sóko ti di bàbá rẹ̀. Bí ọlọ́pàá mú un, bí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọ ilé ìwé, bí àwọn àna rẹ̀ fẹ́ mọ ẹni tó jẹ́, olóko ni yóò dúró fún un. Ògúnbọ̀dé kì í fi ìyẹn ṣeré. Ó máa ń dùn mọ́ ọn kí ènìyàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀ kí ó sì ní, "Bàbá, ẹ dúró fún mi."

Nítorí náà, lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí Olútúndé mú fọ́ọ̀mù kan wá, inú rẹ̀ dùn kó tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ìjọba ti ya owó sọ́tọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ ogún ilé sí ọ̀nà Ọ̀wẹnà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lóko olóko tí wọn kò nílé lórí. Owó ilé náà kò ní ju ohun tí alágbàṣe lè san lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni oko gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé lóòótọ́ ni ẹni náà ń bá òun ṣiṣẹ́. Ògúnbọ̀dé rẹ́rìn-ín títí fìlà fi jábọ́ lórí rẹ̀.

"Olútúndé, ìjọba wo? Àwọn tí kò rí ọ̀nà abà wa tún ṣe, àwọn ni yóò kọ́lé fún ẹ?"

Ó gba bírò, ó kọ orúkọ rẹ̀ gbàgàdà sí àyè olóko. Inú rere tí kò náni ní nǹkan kan rọrùn púpọ̀.

Àṣé ìjọba ò ṣeré. Kí ọdún tó yí po, ògiri ti ń gòkè lọ́nà Ọ̀wẹnà. Nígbà tí ọdún kejì yóò fi dé ìdajì, wọ́n pe orúkọ, ilé keje sì já mọ́ Olútúndé lọ́wọ́.

Ògúnbọ̀dé lọ bá wọn yọ̀, nítorí bí kò bá lọ, ayé á sọ̀rọ̀. Àrìnkẹ́ kúnlẹ̀ kí i, ó ní kí ó jókòó, ó ní òun fẹ́ bu omi tútù fún un. Obìnrin náà kò gba ọ̀nà kànga lọ. Ó kàn na ọwọ́ sí ẹ̀rọ kan lára ògiri ilé ìdáná, omi sì ń tú jáde.

"Omi yìí, ṣé báyìí ló máa ń yọ lójoojúmọ́?" Ògúnbọ̀dé bi í.

"Lójoojúmọ́ ni, Bàbá. Ọlọ́run ló ṣe é."

Yàrá méjì ni ilé náà, pẹ̀lú pálọ̀. Táìlì wà nílẹ̀, ó ń dán. Wọ́n ti ṣe àjà sókè, wọ́n sì so fáànù kọ́ sí i. Ògúnbọ̀dé ní òun fẹ́ tọ̀. Irọ́ ni, kò fẹ́ tọ̀. Ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó tẹ irin tó wà lórí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ funfun, omi ya wàá, ó sì wọlẹ̀ lọ. Ó dúró títí ó fi kún, ó tún un tẹ̀. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, Olútúndé kan ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí, ara mi le."

Ara rẹ̀ kò le. Láti ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ kò ti le mọ́. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tí bàbá rẹ̀ kọ́ nígbà tí kòkó jẹ́ kòkó ni òun ń gbé, ilé tí gbogbo Òdòdè fi ń júwe ọ̀nà láyé ọjọ́un. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà tán. Bí òjò bá rọ̀, abọ́ mẹ́fà ló ń tò sí yàrá, àgbàrá tó ń ṣàn wálẹ̀ láti orí òkúta á sì gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé ìdáná. Ọdún tí kòkó wọ́n bí ojú, ọdún náà ló fi owó rẹ̀ rán Tófúnmi, ọmọ rẹ̀ obìnrin, lọ sí òkè òkun, bẹ́ẹ̀ ni páànù ṣe dúró bó ṣe wà. Ó sì ti ń gbé inú rẹ̀ láìráhùn. Kò mọ̀ pé ilé òun burú títí alágbàṣe òun fi ní èyí tó dára jù ú lọ.

Ó wá di pé gbogbo nǹkan ló ń bí i nínú. Bí Olútúndé bá dé oko láàárọ̀, tí ó wẹ̀ tónítóní, Ògúnbọ̀dé á ní, "Ẹni tó ń wẹ̀ báyìí, ṣé iṣẹ́ ló fẹ́ ṣe àbí ìyàwó ló fẹ́ fẹ́?" Ó sọ fún àwọn ará àdúgbò pé ògiri ilé ìjọba tín-ín-rín, pé bí ènìyàn bá sín nínú rẹ̀ yóò wó. Ọjọ́ ìsinmi tí Olútúndé àti ìdílé rẹ̀ wọ sùtánà funfun wá ṣe ìdúpẹ́ ilé tuntun ni ọ̀rọ̀ náà wá le. Gbogbo ìjọ jó yí wọn ká. Wòlíì ní kí ẹni tó bá ń retí irú rẹ̀ pariwo Àmín. Alàgbà Ògúnbọ̀dé, tó jókòó síwájú, fẹ́ ṣe Àmín, ó kọ́ ọ lọ́fun. Kí ni òun ń retí? Kí Ọlọ́run fún òun ní ohun tó fún alágbàṣe òun? Irú àdúrà wo nìyẹn lẹ́nu olóko?

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n kéde pé ilé mẹ́rin ṣì ṣófo, pé kí àwọn alágbàṣe tó bá fẹ́ wá gba fọ́ọ̀mù. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Ògúnbọ̀dé náà wà lára ẹsẹ̀ yẹn, ó fi fìlà bo ojú. Níbi tí wọ́n ti bèèrè iṣẹ́ rẹ̀, ó kọ "alágbàṣe." Níbi tí wọ́n ti bèèrè ẹni tó ni oko, ó kọ orúkọ Bọ́lánlé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó sì wọ ọkọ̀ lọ bá a ní Àkúrẹ́ kí ó bá a fọwọ́ sí i.

Bọ́lánlé ti fi ìgbà kan rí jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, kì í fọwọ́ sí ohun tí kò bá kà. Ó wọ awò ojú, ó ka ìwé náà tán, ó tún un kà.

"Ìwọ Ògúnbọ̀dé, ìwọ ni alágbàṣe mi?"

"Orí ìwé lásán ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Èmi tí mi ò mọ ọ̀nà oko náà mọ́?"

"Ẹ ṣáà bá mi fọwọ́ sí i."

Ó bọ́ awò náà kúrò lójú. "Nígbà tí a wà ní kékeré, bí Màámi bá bu ẹran fún wa, tìrẹ á wà lẹ́nu rẹ, ojú rẹ á wà nínú àwo mi. Àwo ta lo tún ń wò báyìí?"

"Mi ò wo àwo ẹnì kankan. Òjò ló ń pa mí."

Bọ́lánlé mọ̀ pé ti òjò yẹn kì í ṣe irọ́. Ó sì mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí òun ti fi nǹkan ránṣẹ́ sí ilé bàbá àwọn. Ó kanra, ó fọwọ́ sí i.

Kò ju oṣù kan lọ, wọ́n pe Ògúnbọ̀dé sí ọ́fíìsì ètò ilé náà ní Ọ̀wẹnà. Ó wọ aṣọ tó dára díẹ̀, ó tún bọ́ ọ, ó wọ èyí tó gbó, kí ó lè jọ alágbàṣe. Nígbà tó débẹ̀, ó bá Olútúndé lórí bẹ́ǹṣì, tí ó di fìlà rẹ̀ mú sọ́wọ́. Wọ́n ti pe òun náà.

Olúwadára ni orúkọ òṣìṣẹ́ tó gbà wọ́n lálejò, ọmọbìnrin tí kò lè ju ẹgbẹ́ Tófúnmi lọ. Ó to ìwé méjì sórí tábìlì.

"Ẹ wò ó, Bàbá. Oko kan náà, abà kan náà. Lórí eléyìí, ẹ̀yin lẹ ni oko, Ọ̀gbẹ́ni Olútúndé ń bá yín ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin náà lẹ fọwọ́ sí i. Lórí eléyìí, màmá kan ní Àkúrẹ́ ló ni oko, alágbàṣe sì ni yín. Méjèèjì kò lè jẹ́ òótọ́."

Ògúnbọ̀dé wo orúkọ rẹ̀ lórí ìwé àkọ́kọ́. Láti oṣù yìí wá, omi ẹ̀rọ àti táìlì nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀. Kò rántí rárá pé òun ti kọ orúkọ òun gbàgàdà sí àyè olóko lórí ìwé Olútúndé.

Ọmọbìnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Bí oko kò bá jẹ́ tiyín, ẹni tí kò lóko ló dúró fún Ọ̀gbẹ́ni Olútúndé nìyẹn. A máa gba ilé keje lọ́wọ́ rẹ̀, ilé á sì kàn yín. Bí ó bá jẹ́ tiyín, ilé rẹ̀ dúró, ẹ̀yin ò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ìkankan. Èwo ni kí n mú?"

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ sí Ògúnbọ̀dé lọ́kàn dùn mọ́ ọn. Ó rí Àrìnkẹ́ tó ń di ẹrù. Ó rí ara rẹ̀ nínú pálọ̀ náà, lábẹ́ fáànù, òjò ń rọ̀, abọ́ kankan kò sí nílẹ̀. Ó la ẹnu. Kí ọ̀rọ̀ tó jáde, Olútúndé ti dìde dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀bi mi ni. Alágbàṣe ni Bàbá, bíi tèmi. Màmá Àkúrẹ́ ló ni oko. Mi ò lè dé Àkúrẹ́ nígbà náà, ni mo fi bẹ Bàbá kí wọ́n bá mi fọwọ́ sí i." Ó ti ìwé Ògúnbọ̀dé sún mọ́ ọmọbìnrin náà. "Ẹ gba ilé náà fún wọn. Àgbà ni wọ́n, òjò ń pa wọ́n. Èmi ṣì lágbára. A ó padà sí abà."

Olúwadára wò ó títí. Ó mí kanlẹ̀, ó sì fa bírò sọ́dọ̀.

Ó yẹ kí Ògúnbọ̀dé yọ̀, àbí? Ohun tó wá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó wo Olútúndé níbi tó dúró sí, ó sì rí ohun tó ń bọ̀. Ọkùnrin yìí yóò padà sí Ìdànrè, wọn yóò bi í pé ilé rẹ̀ dà, kò ní sọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn yóò sì mọ̀. Ìjọ yóò mọ̀. Wọn yóò ní Olútúndé bọ́ ilé lọ́rùn ara rẹ̀ fún Bàbá Ògúnbọ̀dé. Wọn yóò fi í ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwàásù, òun Ògúnbọ̀dé yóò sì jókòó síwájú tí yóò máa gbọ́ ọ. Ó ti níyàwó láàyè. Ó ti ní ọmọ nítòsí. Ó ti ní ilé. Ó wá tún fẹ́ ní inú rere mọ́ ọn! Kí ló wá kù fún ẹni tó ni oko?

"Irọ́ ló ń pa!"

Bírò dúró lọ́wọ́ Olúwadára.

"Irọ́ gbuu! Ta ló ní kó ṣàánú mi? Oko mi ni! Ògúnníyì bàbá mi ló gbìn ín, pèrègún ló fi pààlà yí i ká, ẹ wá wò ó! Mi ò ṣe alágbàṣe ẹnì kankan rí. Èmi ni mo gbà á sóko, èmi ni mo dúró fún un. Mo tún dúró fún un lónìí. Alágbàṣe mi kọ́ ni yóò fún mi nílé!"

Olúwadára mú ìwé Ògúnbọ̀dé, ó fa ìlà gbọọrọ lé e. Ó ní ó yẹ kí òun fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó àwọn ọ̀gá létí, pé irọ́ nínú ìwé ìjọba kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Lẹ́yìn náà ó rọ ohùn.

"Ẹ máa lọ sílé, Bàbá. Ilé keje ṣì jẹ́ tirẹ̀."

Níta, lójú gbogbo àwọn tó ń dúró de orúkọ tiwọn, Olútúndé dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀, ó ń sunkún. Ẹnì kan bèèrè ohun tó dé. Olútúndé gbé orí sókè, ó ní Bàbá òun yìí ti yááfì ilé nítorí òun. Ni àwọn ènìyàn bá ń kí Ògúnbọ̀dé, wọ́n ń súre fún un. Ìyá àgbà kan di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní irú wọn ò pọ̀ mọ́ láyé.

Ògúnbọ̀dé gba ìre náà, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Òun nìkan ló mọ̀ pé kì í ṣe àánú ló mú òun sọ òtítọ́. Ó wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀ náà, tí ó ń dúpẹ́ tọkàntọkàn lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gba ilé rẹ̀, tí kò sí àbùlà kankan lójú rẹ̀. Ó gbìyànjú láti rántí ọjọ́ kan tí inú òun mọ́ sí ẹnì kan bẹ́ẹ̀ rí, kò rí i rántí.

"Dìde," ó wí. "Dìde nílẹ̀ jàre." Ó sì tún ń jowú ọkùnrin náà.